Bàálù tí ìró dá dúró: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ YF-102, 1951 sí 1954

Ní ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1953, bàálù ogun tuntun kan gbéra ní pápá Edwards, nínú aṣálẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. YF-102 ni wọ́n pè é, ilé iṣẹ́ Convair ti ìlú San Diego ló ṣe é, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ló sì gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kí ó máa ṣe: bí bàálù àwọn Soviet bá gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ̀, kí ó tètè gòkè lọ pàdé rẹ̀, kí ó sì já a lulẹ̀ kó tó dé orí ìlú. Bàálù tí kò bá lè sáré ju ìró lọ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí YF-102 ju ìró lọ nígbà tó bá ń fò ní gbọọrọ, láìjẹ́ pé ó dorí kodò kó tó lè sáré. Kò lè ṣe é. Nígbà tí eré rẹ̀ bá ti dé nǹkan bí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ìyára ìró, tó ku díẹ̀ bíńtín kó bá a dọ́gba, afẹ́fẹ́ yóò dì níwájú rẹ̀, eré rẹ̀ kò sì ní lé sí i mọ́, bí awakọ̀ tilẹ̀ lo gbogbo agbára tó wà nínú ẹ́ńjìnnì.

Mo kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ ní kíkún nítorí pé ẹnì kan ti mọ ohun tó ń ṣe bàálù náà ní ohun tó lé ní ọdún kan kí ó tó gbéra. Ní Virginia, ní òdìkejì Amẹ́ríkà, ni onítọ̀hún wà, ó sì ti sọ ọ́ fún àwọn tó ń ṣe bàálù náà ní ojúkojú.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìró ń ṣe sí bàálù. Bàálù tó ń lọ ń ti afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, ìtì náà sì ń ṣáájú rẹ̀ lọ ní ìyára ìró, bí atọ́kùn eégún tí ń ké "àgò lọ́nà" kí àwọn èrò lè yà fún eégún tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítòsí òkun, ìyára ìró jẹ́ nǹkan bí 1,225 kìlómítà ní wákàtí kan. Ní òkè tó tó 11,000 mítà, níbi tí òtútù ti mú gan-an, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,060. Bàálù tó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ń rí ọ̀nà, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti gbọ́ ìkéde kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá ń sáré tó ìkéde ara rẹ̀, akéde àti eégún yóò dé ojú kan náà pọ̀, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè yà, yóò sì gbá jọ di ìgbì líle kan tó dúró bí ògiri ní àyíká bàálù. Dídá ìgbì yẹn sílẹ̀ gba agbára púpọ̀, ẹ́ńjìnnì ló sì ń san án. Ìfàsẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ń fà bàálù lè di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìwọ̀nba ìyára díẹ̀. Bell X-1 ti la ògiri yìí kọjá ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1947, ṣùgbọ́n agbára rọ́kẹ́ẹ̀tì ló fi ṣe é, epo inú rẹ̀ kò sì ju ti ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Bàálù tí yóò máa ṣọ́ ìlú lójoojúmọ́ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé irú agbára bẹ́ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ fura sí, ìfura náà sì ní ìdí. Ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pinnu láti fi sínú bàálù yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní J67, kò tètè tó lò, nítorí náà wọ́n fi J57 ti ilé iṣẹ́ Pratt & Whitney rọ́pò rẹ̀. J57 kì í ṣe ẹ́ńjìnnì yẹpẹrẹ. Àwọn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ pín sí ọ̀wọ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí ọ̀pá tirẹ̀, ó sì ń yí ní ìyára tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé èyí tó wà níwájú kò ní dí èyí tó wà lẹ́yìn lọ́wọ́ nígbà tí awakọ̀ bá ń mú eré pọ̀ tàbí tó ń dín in kù. Leonard Hobbs, olórí àwọn ẹnjiníà tó ṣe é, gba àmì ẹ̀yẹ Collier ti ọdún 1952 nítorí rẹ̀, ẹ̀yẹ tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ òfuurufú ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rí kan sì tún wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹjọ́ náà: ní ọjọ́ 25 oṣù Èbìbí ọdún 1953, oṣù márùn-ún kí YF-102 tó gbéra, bàálù F-100 ti ilé iṣẹ́ North American ju ìró lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fò, ní pápá Edwards kan náà, J57 náà ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan náà gbé ọ̀kan kọjá, kò sì lè gbé èkejì. Àwòrán ara bàálù ló yẹ kí a lọ yẹ̀ wò.

Àwòrán YF-102 sì rẹwà lójú. Apá rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta tó fẹ̀ lẹ́yìn tó sì ṣóńṣó níwájú, irú èyí tí Alexander Lippisch ti ṣiṣẹ́ lé lórí ní Jámánì kí ogun àgbáyé kejì tó parí, tí Convair fúnra rẹ̀ sì ti dán wò lára bàálù XF-92A láti ọdún 1948. Apá náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì yí sẹ́yìn dáadáa. Ara bàálù náà ṣe rogodo gbọọrọ, ó fẹ̀ ní àárín, ó sì ṣóńṣó ní imú, bí ọta ìbọn. Gbogbo ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ nígbà náà ló fọwọ́ sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Wọ́n ka ìfàsẹ́yìn ti apá lọ́tọ̀, wọ́n ka ti ara lọ́tọ̀, wọ́n ka ti ìrù lọ́tọ̀, wọ́n wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú ìròpọ̀ yẹn ni àṣìṣe wọ̀, kò sì sí ẹni tó lè tètè rí i, nítorí pé ìṣirò náà tọ̀nà fún bàálù tó bá ń rìn lábẹ́ ìyára ìró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é láti ọdún pípẹ́.

Ilé ìwádìí Langley, tó wà ní Hampton ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni ìdáhùn ti jáde. Abẹ́ NACA ló wà, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti ṣèwádìí ìmọ̀ bàálù, èyí tí a wá mọ̀ sí NASA láti ọdún 1958. Ihò ẹ̀fúùfù ni irinṣẹ́ wọn tó ṣe pàtàkì jù: ọ̀nà ńlá onígiri tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà kọjá lára àwòṣe kékeré tí kò kúrò lójú kan, kí wọ́n lè wọn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń fà á. Fún ọdún púpọ̀ ni ihò wọ̀nyí ń já wọn kulẹ̀ níbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ jù. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ti súnmọ́ ìyára ìró, àyè tó kù láàárín àwòṣe àti ògiri kò ní gbà á mọ́, ọ̀nà yóò dí bí ọ̀fun tí òkèlè há sí, ìgbì líle yóò máa ti ara ògiri ta padà lu àwòṣe, kò sì ní sí nọ́ńbà tó ṣeé gbà gbọ́. Ray Wright, onímọ̀ kan ní Langley, ló ronú kan ọgbọ́n pé kí wọ́n la ògiri ihò náà ní gígùn, kí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù lè rí ibi yà sí. Ikọ̀ John Stack fi ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́, nígbà tó sì di ọdún 1950, ihò wọn tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ti ń fún wọn ní nọ́ńbà tòótọ́ ní ojú ìyára ìró gan-an. Stack àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ Collier ti ọdún 1951. Lójú tèmi, ògiri lílà yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn yìí, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè wo àrùn tí kò rí.

Inú ihò yìí ni Richard Whitcomb ti ń ṣiṣẹ́ ní ìparí ọdún 1951. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, ó sì ti wà ní Langley láti ọdún 1943. Ó ń dán oríṣiríṣi apá wò lára àwòṣe, ìyàlẹ́nu ló sì jẹ́ fún un pé, bí ó ti wù kó yí apá padà tó, ìfàsẹ́yìn tó ń rí ní ìyára ìró ju iye tí ìṣirò sọ lọ dáadáa. Wọ́n ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ya àwòrán afẹ́fẹ́, èyí tó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ti ki hàn bí òjìji. Nínú àwòrán wọ̀nyí ni Whitcomb ti rí ìgbì líle kan tí kò retí: yàtọ̀ sí èyí tó wà níwájú, òmíràn tún wà lẹ́yìn, níbi tí apá parí sí lára bàálù. Ìgbì náà sì jọ èyí tí ara tó yí rogodo máa ń dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí apá kankan lára rẹ̀.

Ní àkókò kan náà ni Adolf Busemann wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ Jámánì ni Busemann, òun ló kọ́kọ́ dábàá apá tó yí sẹ́yìn níwájú àwọn onímọ̀ ní Róòmù lọ́dún 1935, ó sì wá sí Langley lẹ́yìn ogun. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ní ojú ìyára ìró, afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn dà bí ọ̀pọ̀ páìpù tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Páìpù wọ̀nyí lè tẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í súnkì, wọn kì í sì í fẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ onímọ̀ bàálù ti di iṣẹ́ ẹni tó ń to páìpù. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, bí Whitcomb fúnra rẹ̀ ti sọ, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí tábìlì, ó ń ro ọ̀rọ̀ páìpù yìí mọ́ àwòrán tó ti rí, ọ̀rọ̀ náà sì là sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó yé e nìyí. Ká ní a mú bàálù kan, a sì gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti imú dé ìrù bí ẹni ń gé iṣu sínú ìkòkò, tí a wá wọn ìfẹ̀ ojú ègé kọ̀ọ̀kan. Ègé imú yóò kéré. Àwọn tó tẹ̀ lé e yóò máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá ti dé ibi tí apá wà, ojú ègé yóò fẹ̀ lójijì, nítorí pé ara àti apá ni ọ̀bẹ ń gé pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì tún súnkì lójijì nígbà tí apá bá parí. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré bí ìró kò mọ̀ pé èyí ni apá, ìyẹn ni ara. Àpapọ̀ ìfẹ̀ yẹn nìkan ni ó mọ̀, bí ó bá sì fẹ̀ lójijì tàbí tó súnkì lójijì, ibẹ̀ ni ìgbì líle yóò ti yọ. Nítorí náà, bí a kò bá lè yọ apá kúrò, ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ ara bàálù dànù níbi tí apá ti bẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n ohun tí apá fi kún un, kí àpapọ̀ lè máa lọ ní mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀. Bàálù tí a bá ṣe báyìí yóò ní ìbàdí. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi í wé ìgò Coca-Cola. Ẹni tó bá mọ gángan yóò rí i pé àwòrán náà ti wà nílé tipẹ́, ojú ìlù méjèèjì fẹ̀, àárín rẹ̀ sún wọlé níbi tí apá onílù gbà dì í mú.

Àwọn kan ti fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ òtítọ́ yìí tẹ́lẹ̀. Otto Frenzl ti ilé iṣẹ́ Junkers béèrè ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ọpọlọ lórí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1944, Wallace Hayes náà sì kọ ìṣirò kan tó jọ ọ́ nínú ìwé ìwádìí oyè rẹ̀ lọ́dún 1947. Ṣùgbọ́n Whitcomb ló rí i nínú ihò, tó sì tún fi ihò náà dán an wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1952, ó gbẹ́ ìbàdí sí ara àwọn àwòṣe rẹ̀, ìfàsẹ́yìn tí apá ń fà ní ojú ìyára ìró sì wálẹ̀ gidigidi. Lára àwòṣe mìíràn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún yẹn, ó sì jẹ́ ìwé àṣírí, tí àwọn díẹ̀ péré lẹ́tọ̀ọ́ láti kà.

Kí a tó padà sí ọ̀dọ̀ Convair, ohun kan wà tí n kò lè fò dá. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń ka nọ́ńbà tó ń jáde láti inú ihò Langley, tí wọ́n sì ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìwé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò alátẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nínú wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ọgbà náà, abẹ́ ìdarí Dorothy Vaughan láti ọdún 1949, nítorí òfin ìyàsọ́tọ̀ ti Virginia kò gbà wọ́n láàyè láti jókòó pọ̀ mọ́ àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí a dárúkọ wọn níbikíbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọgbà yẹn.

Ní oṣù Ògún ọdún 1952, àwọn ẹnjiníà Convair wá sí Langley láti wo àyẹ̀wò àwòṣe YF-102 nínú ihò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ojú wọn ló rí i: ìfàsẹ́yìn tó yọ ní ojú ìyára ìró ju èyí tí ẹ́ńjìnnì wọn lè borí lọ. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Langley bóyá wọ́n mọ ìdí rẹ̀, Whitcomb sì ṣàlàyé òfin ìfẹ̀ ojú ègé fún wọn. Wọn kò kọ́kọ́ gbà á tán, ṣùgbọ́n wọn kò sì kọtí ọ̀gbọin. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e títí wọ ọdún 1953, àwọn àti Whitcomb jọ tún àwòṣe náà gbẹ́, wọ́n sì tún un dán wò. Nígbà tí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1953 fi máa dé, àwòṣe oníbàdí ti fi hàn nínú ihò pé bàálù náà lè ju ìró lọ.

Oṣù yẹn gan-an ni YF-102 àkọ́kọ́ gbéra, láìní ìbàdí. Ẹni tó bá ka èyí yóò bi ara rẹ̀ pé kí ló dé, èmi náà sì ti bi ara mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdáhùn tí mo rí kò sí nínú ìmọ̀ afẹ́fẹ́ rárá. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ti fẹ́ kí bàálù yìí yá, nítorí náà wọ́n ti pinnu pé kí ilé iṣẹ́ máa pèsè irinṣẹ́ tí wọ́n yóò fi ṣe ọ̀pọ̀ bàálù sílẹ̀, nígbà tí àyẹ̀wò ṣì ń lọ lọ́wọ́. Àdéhùn lórí àwòrán àtijọ́ ti wà nílẹ̀, owó ti jáde, nǹkan bí 30,000 irinṣẹ́ ti wà fún un. Lójú àwọn tó ń ṣàkóso owó, nọ́ńbà tó ti inú ihò jáde lára àwòṣe kékeré kò tíì tó ẹ̀rí tí wọn yóò fi da gbogbo ìyẹn nù. N kò ka àwọn ènìyàn wọ̀nyí sí òpè, nítorí òfin náà ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méjì, kò sì tíì sí bàálù kan lórí ilẹ̀ ayé tó ti fi fò. Síbẹ̀, mo gbà pé wọ́n ṣe àṣìṣe: wọ́n ti ní ihò tó lè sọ òtítọ́ ní ojú ìyára ìró, ó sì sọ òtítọ́ fún wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Bàálù àkọ́kọ́ kò pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Bélú ọdún 1953, ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tó kọ́kọ́ gbéra, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lára, ó sì já lulẹ̀. Richard Johnson tó ń wà á fara pa gan-an, ṣùgbọ́n kò kú. Ìkúẹ́ńjìnnì yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìbàdí. Bàálù kejì ló wá gbéra ní ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1954, òun ló sì jẹ́rìí ohun tí àwòṣe ti sọ láti oṣù Ògún ọdún 1952. Nígbà yìí ni gbogbo ènìyàn tó gbà.

Iṣẹ́ àtúnṣe náà gba ọjọ́ iṣẹ́ 117. Wọ́n fa ara bàálù náà gùn, wọ́n fún ìbàdí rẹ̀ wọlé níbi tí apá wà, wọ́n sì so ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńlá méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, kí ìfẹ̀ náà má baà súnkì lójijì níbi tí apá parí sí. Mo fẹ́ràn ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì yìí púpọ̀, nítorí wọ́n fi nǹkan kún bàálù kí ìfàsẹ́yìn lè dín kù, ohun tí kò sí ẹni tó máa gbà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n tún fi J57 tó lágbára díẹ̀ sí i sínú rẹ̀, wọ́n sì dín ibòrí awakọ̀ kù. Nínú irinṣẹ́ 30,000 yẹn, nǹkan bí 20,000 di ohun tí wọn kò lè lò mọ́.

YF-102A gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1954. Ní ọjọ́ kejì, ó ju ìró lọ nígbà tó ṣì ń gòkè, ó sì dé nǹkan bí ìlọ́po 1.2 ìyára ìró nínú àwọn àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ fi òfin Whitcomb fò, nítorí pé Tiger ti ilé iṣẹ́ Grumman, tí wọ́n ti gbẹ́ ìbàdí sí lára láti ìgbà tí wọ́n ti ń ya àwòrán rẹ̀, ti gbéra ní ọjọ́ 30 oṣù Agẹmọ ọdún náà. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1955 ni wọ́n tó jẹ́ kí aráyé gbọ́ àṣírí náà, wọ́n sì fún Whitcomb ní àmì ẹ̀yẹ Collier ti ọdún 1954. Òun náà ló wá ṣiṣẹ́ lórí ṣóńṣó apá tó dìde sókè ní àwọn ọdún 1970, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá dúró ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkejà lónìí lè rí lára ọ̀pọ̀ bàálù tó ń balẹ̀.

F-102A wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1956, Convair sì ṣe 1,000 nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn ni àbúrò rẹ̀, F-106, gbéra, apá onígun mẹ́ta kan náà ló ní, ìbàdí sì ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1959, ọ̀kan nínú wọn sáré tó nǹkan bí 2,455 kìlómítà ní wákàtí kan, ó ju ìlọ́po méjì ìyára ìró lọ, kò sì sí bàálù mìíràn tí ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé fọwọ́ sí pé ó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà.